Àwọn Òkúta Tí Òyìnbó Onírùngbọ̀n Jù Nù

Tọ́rọ́ ni ìgò kẹrosíìnì kan ní Mínà nígbà náà, lẹ́yìn tí a gba òmìnira tán. Iye owó àwọn nǹkan míì ti ń kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n kódà bí mo bá darúgbó débi pé mi ò mọ orúkọ ara mi mọ́, ọjọ́ tí mo bá àwọn aṣojú ìpàdé òwú gun òkè kò ní kúrò nínú mi.

Òyìnbó wà nínú wọn, ará Gánà wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tiwa tó kàwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òwú. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní àwọn fẹ́ najú, àwọn fẹ́ lọ wo ẹyẹ lórí òkè. Akọ̀wé Sàlíù, ọmọ Ìlọrin tó ń bá wọn ṣètò, wá bá mi níbi tí mo ti ń ta abọ́ tánganran. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ní abọ́ tó báyẹn gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ sè.

"Ìyá Alábọ́, oúnjẹ èèyàn méjìlá. Pọ́n-ùn méjì rèé. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa àlejò wọ̀nyí, wallahi, ẹ ó dá a padà, torí iṣẹ́ mi ló máa lọ sí i."

Mo din adìẹ, mo se ẹyin, mo kó o sínú agbọ̀n ńlá, mo sì ní èmi fúnra mi ni màá rù ú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn àlejò. Gbogbo Mínà ló mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wa góòlù nínú ilẹ̀ lágbègbè wa. Àgbàlagbà wo ló máa gun òkè nínú oòrùn tìtorí ẹyẹ? Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mi ò gọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Sàlíù ti ṣáájú lọ tẹ́ ẹní sí òkè téńté. Bí àwa yòókù ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn, òyìnbó onírùngbọ̀n kan ń ṣa òkúta. Á mú un, á yí i wò, á yínmú, á jù ú nù. Ojú mi là. Ogún ọdún ni mo ti ń tajà. Oníbàárà tó bá gbé abọ́, tó yínmú sí i, tó kọ̀yìn sí i, òun gan-an ló ń fẹ́ ẹ jù. Ó fẹ́ kí n dínwó ni. Mo sọ nínú mi pé, "Bàbá onírùngbọ̀n, èmi lo fẹ́ ṣe é fún?"

Gbogbo èyí tó jù, mo ṣà á. Nígbà tí ìró mi ò gbà á mọ́, mo da oúnjẹ sórí ewé lábẹ́ igi kan, mo fi ewé bò ó, mo kó òkúta sínú agbọ̀n. Òyìnbó náà rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta fún mi. Ará Gánà kan gbé ọ̀kan tó tó orí ọmọ ọwọ́ lé e. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti bi ara rẹ̀ pé ta ló ń fi góòlù tọrẹ. Èmi ń dúpẹ́ ni, ọrùn mi ń wọlé sínú èjìká.

Lókè, Sàlíù ṣí agbọ̀n.

"Kai! Ìyá, ṣé ẹyin tí ẹ sè ló le tó báyìí?"

"Oúnjẹ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ igi."

A sáré sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ti débẹ̀. Ọ̀kan jókòó jẹ́jẹ́, ó ń bó ẹyin bí ọmọ ilé ìwé. Àwọn aṣojú yọ awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ, inú wọn dùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Inú Sàlíù nìkan ni kò dùn.

"Haba, Ìyá Alábọ́! Ẹ ti pa mí!"

Mo tú etí aṣọ mi, mo fi owó abọ́ kún èyí tó kù, mo dá pọ́n-ùn méjèèjì padà fún un. Ó fi ra búrẹ́dì àti sadíìnì fún wọn, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé òkúta tọ alágbẹ̀dẹ góòlù lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Birikìlà ló bá mi rà á ní sílè kan, fún ìpìlẹ̀ ilé.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá yínmú sí abọ́ mi, mo máa ń rántí pé ó lè jẹ́ pé kò wù ú lóòótọ́ ni. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Pọ́n-ùn kan àti sílè márùn-ún ni mo ná sórí adìẹ àti ẹyin. Ẹ yọ sílè birikìlà kúrò: pọ́n-ùn kan àti sílè mẹ́rin ni mo fi bọ́ ọ̀bọ.