Ìrìn-àjò Ṣóbándé Awọnlẹ̀ sí Ilẹ̀ Tọ́kì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni, ẹ sì ń mi orí bí alángbá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn Ṣóbándé awọnlẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Ṣóbándé, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ wíwọ̀n ni Ṣóbándé fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí igbó kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè tí kò tíì ta okùn rẹ̀ là kọjá. Nítorí náà, ó gbà pé kò sí ọ̀nà kan láyé tó lè rú òun lójú. Bí ó bá wọ mọ́tò, òun ni yóò máa júwe ọ̀nà fún awakọ̀ tó ti ń na ọ̀nà náà láti kékeré. Bí awakọ̀ bá sì gbọ́ tirẹ̀, inú oko kòkó ẹlòmíràn ni wọn yóò bá ara wọn, Ṣóbándé yóò sì ní wọ́n ti sún ọ̀nà náà kúrò ní àyè rẹ̀ ni.

Ìbídùnní ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Ọ̀rọ̀ ojú ìyàwó yìí ló bí gbogbo ìrìn-àjò náà. Ojú rẹ̀ ń kú lọ. Ó ń há mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe ń rí ayé. Ohun tó bá wà ní ọ̀kánkán, ó ń rí i kedere. Ohun tó bá yẹ̀ díẹ̀, ó di òkùnkùn. Dókítà ní bó pẹ́ bó yá, ihò náà yóò dí.

Ìbídùnní kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní nígbà tí òun wà nílé ìwé, olùkọ́ fi àwòrán ìlú kan hàn wọ́n, ìlú Isitanbúlù ní ilẹ̀ Tọ́kì, tí omi là sí méjì, tí òrùlé àwọn ilé ńlá ibẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ní òun fẹ́ rí i kí ilẹ̀ ojú òun tó ṣú. Àwọn ọmọ sì gbà pé ìyá àwọn yóò rí i.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fadérera, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kó àwọn àgbààgbà lọ sókè òkun lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òun ni yóò ṣètò bàálù, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti mọ́tò, òun náà ni yóò sì máa ṣe amọ̀nà wọn níbẹ̀. Yóò na agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè sókè, gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù. Ìbídùnní gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó fajú ro.

“Ìbídùn, ṣé ewúrẹ́ ni wá ni? Kí ọmọ tí mo bí lọ́mọ máa na agboòrùn síwájú mi, kí n máa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e? Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rí i.”

“Bàbá Kọ́lápọ̀, ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fi rí i. Ojú ni. Ojú náà kò sì fẹ́ dúró dè mí mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ṣóbándé lára. Ó yẹ kó sọ pé ó dáa, kí àwọn jọ tẹ̀ lé agboòrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ọ̀nà han gbogbo ayé, ó ṣòro fún un láti gbà kí wọ́n fi ọ̀nà han òun. Ó ní, “Bá wọn rìn. Bàálù kan náà la máa wọ̀, òtẹ́ẹ̀lì kan náà la máa sùn. Tó bá di ojúmọ́, èmi á gba ọ̀nà tèmi. Ohun tí mo bá rí, màá wá sọ fún ọ.”

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ jí sí Isitanbúlù, Fadérera kó ọ̀wọ́ tirẹ̀ gba apá ọ̀tún, Ṣóbándé gba apá òsì. Kò rìn jìnnà tó fi rí ilé òkúta ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ ṣe róbótó. Ó ní, “Ààfin ọba àtijọ́ rèé.” Ó wọlé. Ọkùnrin kan ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ, nítorí a kì í wọ bàtà síwájú ọba. Ọkùnrin náà ní kó bọ́ aṣọ. Ṣóbándé ronú díẹ̀. Ó rántí pé bí wọ́n ti ń ṣe níbì kan, èèwọ̀ ibòmíràn ni, ló bá bọ́ aṣọ. Wọ́n fún un ní ìró pénpé kan, wọ́n mú un wọ yàrá tí ooru omi gbígbóná bò. Ó ń wo òkè, ó ń wo ọwọ̀n, ó ń wá ibi tí wọ́n gbé ìtẹ́ ọba sí. Níbi tó ti ń wá a ni ọkùnrin onírun-àyà kan ti gbá a mú, tó tẹ́ ẹ sórí òkúta, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn bó o bí ẹni ń bó àgbò iléyá.

Ilé ìwẹ̀ ni.

Ṣóbándé pariwo pé òun ní ìyàwó. Ọkùnrin náà rò pé ó ń dúpẹ́ ni, ó tún da ọṣẹ lé e.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìbídùnní bi í pé, “Kí lẹ rí?”

“Ààfin ọba.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Ṣóbándé wo ilẹ̀. “Omi pọ̀ níbẹ̀.”

Ìbídùnní tẹjú mọ́ ọn. “Ara yín ń dán o.”

Ìbídùnní wá ń ròyìn tirẹ̀. Ó ní òun rí igbá òkúta tí wọ́n dojú rẹ̀ dé náà, ó ju ti inú àwòrán lọ. Ó ní bí àwọn yòókù bá ti rí ohun tó dára, wọn yóò gbá òun lórí mú, wọn yóò sì yí i sí ọ̀kánkán rẹ̀ kí òun lè rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣóbándé kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó yẹ kó jẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ló ń yí orí náà.

Ìbídùnní ní, “Lọ́la, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa gbé wa sórí omi kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ní èbúté. Èyí tí mo torí rẹ̀ wá gan-an nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ló máa dúró tì mí.”

“Màá wá.”

Fadérera tó jókòó nítòsí gbọ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sím ìlú yìí sínú fóònù yín, ká lè máa pè yín, sà.”

“Ọmọ mi, nígbà tí mò ń wọn igbó, ta ló ń pè mí? Mo mọ ibi tí èbúté wà.”

Ní ti èbúté, ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tètè débẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n kànìnkànìn àná ṣì ń ta á lára, ó sì ti pinnu pé òun kò ní wọ ibì kankan mọ́ láìjẹ́ pé òun rí àwọn ènìyàn iyì tó ṣáájú òun wọ ibẹ̀. Kò pẹ́ ló rí wọn: àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú, àwọn obìnrin tó wé gèlè wẹ́rẹ́ mọ́rí, gbogbo wọn ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ṣáájú wọn gbé àwòrán ńlá kan sáyà, àwòrán bàbá arúgbó kan. Ṣóbándé ní, “Ẹ ò rí i? Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kò na agboòrùn.” Ó tẹ̀ lé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun yóò bá wọn dé òdìkejì, òun yóò sì padà kí ọkọ̀ Ìbídùnní tó gbéra.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, wọ́n rìn dé ilé kan, Ṣóbándé sì bá wọn wọlé. Ìyá arúgbó kan jókòó ní àárín ilé. Bó ṣe rí Ṣóbándé, ó kígbe, ó dìde, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó sì já àwòrán kékeré kan kalẹ̀. Nínú àwòrán náà, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dúró lórí ọkọ̀ òkun, ó gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà gbé àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ojú Ṣóbándé. Ó wo ibí, ó wo ọ̀hún.

“Légọ́ọ̀sì?” ló bi í.

Ìjẹ̀bú-Igbó àti Èkó kò kúkú jìnnà síra wọn. Ṣóbándé mi orí. Orí mímì yẹn ló kó bá a.

Ẹkún sọ. Ìyá náà dì mọ́ ọn, ó ń lu àyà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ń fi ẹnu ko Ṣóbándé lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e jókòó sí ipò ọlá, wọ́n fún un ní tíì, wọ́n fún un ní oúnjẹ kan tó dà bí sẹ̀mó tí wọ́n da ṣúgà sí. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó rí pósí tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò lójúde. Ìgbà yẹn ló yé e. Atukọ̀ òkun ni bàbá inú àwòrán ńlá yẹn nígbà ayé rẹ̀. Ó ti ní ọ̀rẹ́ kan ní Èkó rí. Gbogbo ilé sì gbà pé ọ̀rẹ́ náà ló la òkun kọjá wá sin ín.

Ṣóbándé dìde. Ó nawọ́ sí ọ̀nà, ó nawọ́ sí oòrùn, ó nawọ́ sí omi. Wọ́n ní ẹni náà ń tọ́ka ọ̀nà ọ̀run ni. Wọ́n mú un jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé iwájú pósí lé e léjìká.

Òkè ni itẹ́ òkú ìlú yẹn wà. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni oòrùn ń lọ sílẹ̀. Ṣóbándé ń wo oòrùn, ó ń wo ọ̀nà, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Ìbídùnní ti wà ní èbúté báyìí, ó ń yí orí kiri, ó ń wá òun nínú ihò kékeré tó ṣẹ́ kù fún un. Ṣùgbọ́n òkú olókùú wà léjìká rẹ̀. A kì í ju òkú sílẹ̀ ká ní a ní ìpàdé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó rí i ní irú ọ̀rẹ́ báyìí kò sí mọ́ láyé, àwọn náà tún bú sẹ́kún.

Wọ́n dé orí òkè. Gbogbo omi náà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn, ó ń pọ́n bí epo. Ọkọ̀ funfun kan ń kọjá lọ pẹ̀lẹ́, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan wà lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn dúró létí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń juwọ́. Ṣóbándé wò ó dáadáa. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Àwọn kan ń gbádùn ayé wọn.” Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bu yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bo sàréè tán, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ olóògbé sọ̀rọ̀. Èdè wo ni yóò sọ? Ó sọ Yorùbá. Ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyàwó mi wà lórí omi, ojú rẹ̀ ń kú lọ. Mo ṣèlérí pé màá dúró tì í, mi ò sì dúró tì í. Ọlọ́run, dárí jì mí.”

Gbogbo wọn ní, “Àmín.”

Àwọn ọ̀wọ́ Fadérera wà nídìí oúnjẹ alẹ́ nígbà tí Ṣóbándé wọ òtẹ́ẹ̀lì, yẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwo sẹ̀mó oníṣúgà tí wọ́n dì fún un lọ́wọ́. Ó ti múra irọ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ilé àwọn ohun àtijọ́ lòun lọ, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síbẹ̀. Kó tó la ẹnu, Ìbídùnní gbé orí sókè.

“Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o, Bàbá Kọ́lápọ̀. Ta ló kú?”

Àwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ṣóbándé. “Ta... ta ló sọ fún ọ?”

Fadérera ló dáhùn. “Sà, orí omi la wà. Màmá nawọ́ sókè, wọ́n ní ọkọ àwọn rèé tó ń ru pósí. A ní, ‘Màmá, ojú yín ni.’ Wọ́n yarí.”

“Ọ̀kánkán mi lẹ wà,” ni Ìbídùnní wí. “Ọrùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Mo juwọ́ sí yín títí ọwọ́ fi ro mí. Ẹ kọjú sí mi báyìí. Ẹ wò mí. Ẹ sì kẹ̀yìn.”

Ohùn Ṣóbándé kéré. “Mo rí ọkọ̀ náà, Ìbídùn.”

“Ẹ rí ọkọ̀. Ẹ ò rí mi.”

Àgbàlagbà kan tó wà nídìí tábìlì gbé ṣíbí sílẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ẹ̀yin ará, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.” Ẹ̀rín bú. Wọ́n rín in títí omi fi ń jáde lójú wọn, Ìbídùnní náà rín in. Ṣóbándé nìkan ló rí i pé omi ojú Ìbídùnní kò tán nígbà tí ẹ̀rín tán.

Láti ọjọ́ kejì, Ṣóbándé bá wọn tẹ̀ lé agboòrùn, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú pinpin. Ṣùgbọ́n òjò bẹ̀rẹ̀, ìkùukùu bo ìlú, ọkọ̀ kankan kò sì gbé wọn sórí omi mọ́ títí wọ́n fi wálé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ihò tó ṣẹ́ kù fún ojú Ìbídùnní dí.

Títí di òní, bí ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan bá bi Ṣóbándé pé báwo ni Tọ́kì ṣe rí, yóò ní, “Ẹ bi Ìbídùnní.” Ìbídùnní yóò sì sọ fún wọn bí omi ṣe pọ́n, bí àwọn igbá òkúta náà ṣe ń dán, àti bí ọkùnrin kan ṣe ń ru òkú ẹni tí kò mọ̀ gun òkè. Bí wọ́n bá bi Ṣóbándé pé ṣé òun náà kò rí nǹkan kan ni, yóò ní òun rí ilé ìwẹ̀.

Àwọn tó bá a rìn ló gbé ọ̀rọ̀ náà wálé, ẹnu àwọn àgbà sì gbà á. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ wo ọkùnrin tó wo ìyàwó rẹ̀ tààrà, tó ní àwọn kan ń gbádùn ayé wọn. Kó wá padà wá sọ fún mi pé àlejò lójú, tó sì fi ń ríran.

Kò fi ríran o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.