Ọjọ́ Tí Kábíyèsí Pín Ọ̀rọ̀ Bí Àgbàdo

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó gbé àwọn àgbà débi tí wọ́n fi ń wí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n? Ẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu ìyá yín lẹ ti ń gbọ́ ọ, nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé gígùn nípa abọ́ tí ẹ ò fọ̀. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún yín. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín a pa mí, n ó sì tún máa nu ojú.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dánjó, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọdẹ́jìnmí ni ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Àyọ̀ká ni àgbà. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń wí yìí, ọ̀dá dá, ebi sì pa Ọ̀dánjó débi pé àgbàdo tí kálukú so sókè ààrò láti fi ṣe irúgbìn, wọ́n já a, wọ́n sè é jẹ. Ọwọ́ ara Àwẹ̀ró ló fi já èyí tó kẹ́yìn nílé wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa tó ń sunkún lójú ìyá rẹ̀, ta ló lè sọ fún un pé irúgbìn ni?

Àṣà kan ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ọ̀dánjó, ọba a ṣí àká ààfin, ilé kọ̀ọ̀kan a gbé agbọ̀n kan wá, wọn a bu àgbàdo irúgbìn kún un. Tó bá di ìgbà ìkórè, ilé kọ̀ọ̀kan a gbé agbọ̀n àgbàdo kan padà wá sínú àká, òun náà ni ààfin ń jẹ. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́ ọn: lọ́jọ́ ìpín irúgbìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé agbọ̀n òfìfo jáde ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Wọ́n ní orí ọba kò gbà á.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí wú lákòókò náà, igi ló gún un lóko, kò lè rìn dé ààfin. Ó ní òun á wọ́ dé oko, òun á jókòó sílẹ̀ gbẹ́ ihò kí ìyàwó òun tó dé. "Ìwọ ṣáà gbé irúgbìn dé, Àwẹ̀ró," ló wí. "Kí òjò kejì tó rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀. Bí èyí bá fi lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí, mi ò mọ ibi tí a ó kó àwọn ọmọ yìí gbà." Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n tó tóbi jù nílé, ó gba ọ̀nà ààfin lọ.

Ọba Adérọ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé ni. Àpéjọ àwọn ọba ayé ló lọ, ìrìn tó gba gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àtẹ̀yìnwá, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọba ń sọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ju pé, "Ẹ ó gbìn, ẹ ó kórè." Èèyàn á ṣe àmín, wọ́n á ṣí àká. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ayé, ẹ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun. Ó ní ìlú ńlá méjì kan ń bẹ níbẹ̀, Sàmúnkà àti Tèrèwú, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó ni atẹ́gùn tó ń ti ọkọ̀ lójú òkun. Ó sọ ohun tí ọba Sàmúnkà wí, ó sọ bí ọba Tèrèwú ṣe fèsì, ó wá sọ ohun tí òun náà ìbá ti sọ ká ní wọ́n bi òun. Oòrùn ti ń kan orí àwọn èèyàn nígbà tó dé ibi tí gbogbo wọn ń dúró dè, ìyẹn ibi tí Ọ̀dánjó dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀dánjó kò sí lẹ́yìn Sàmúnkà," ni Kábíyèsí wí. "Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀dánjó kò sí lẹ́yìn Tèrèwú. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àárín la wà."

Àwọn èèyàn hó yèè. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ báyìí, baba ńlá wọn kò gbọ́ ọ rí, òótọ́ sì ni. Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ó hàn gbangba pé Sàmúnkà ni Kábíyèsí ń bá wí. Àwọn kan ní irọ́ ni, Tèrèwú ni. Ògúnṣínà, baba kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé Àwẹ̀ró, ti di ọmọ Sàmúnkà pọ́nńbélé láàárín ìgbà tí a fi ń pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ Sàmúnkà láìdáa lójú òun, àwọn á jọ wọ̀yá ìjà. Àwẹ̀ró bi í pé níbo ni Sàmúnkà wà. Ó ní ó jìnnà. Àwẹ̀ró tún bi í pé ṣé ará ilé wọn kankan ti débẹ̀ rí. Ó ní rárá, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ràn wọn, wọn ò ṣẹ òun rí.

Àwẹ̀ró wo agbọ̀n rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú díẹ̀ díẹ̀ lápá ibi tí oko wọn wà. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Àgbàdo ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí i bí ẹni tó béèrè oúnjẹ níbi òkú. Obìnrin kan fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ayé ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ ikùn bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti dé orí ìtẹ́. Òjówùsì, agbẹnusọ ọba, dìde. Ó ṣàlàyé pé a kì í fọwọ́ òfo lọ sí àpéjọ àwọn ọba ayé, pé gbogbo àgbàdo inú àká ni Kábíyèsí kó lọ bí ẹ̀bùn, àti pé ẹ̀bùn náà ni wọ́n rí tí wọ́n fi fún Ọ̀dánjó ní ìjókòó. Ẹnì kan béèrè pé irú ìjókòó wo.

"Ẹ̀yìn òpó kan ni," ni Òjówùsì wí. "Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ni òpó náà wà."

Ẹ ó rò pé inú á bí wọn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ níwájú, ó ní kí wọ́n wò ó, inú gbọ̀ngàn. Ni àtẹ́wọ́ náà bá ràn ká. Àwẹ̀ró nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ojú ọ̀run ló tún ń wò.

Nígbà tó yá, kálukú fẹ́ lọ sílé, àwọn oníbodè sì dábùú ọ̀nà. Agbọ̀n òfìfo kò gbọdọ̀ jáde, èèwọ̀ ni. Èèyàn kò lè lọ, kò sì sí ohun tí wọ́n lè gbé lọ. Àwọn kan fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ ààfin sínú agbọ̀n, àwọn oníbodè ní ti ọba nìyẹn. Àfi bí Òjówùsì ṣe tún dìde, ó ní ta ló sọ pé òfo ni agbọ̀n wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ Kábíyèsí pọ̀ tó báyìí nílẹ̀. Kí wọ́n tò. Kábíyèsí á sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ewé kókò bò ó, wọ́n á gbé e lọ sílé.

Wọ́n tò lóòótọ́. Ẹni tó ṣáájú gba "àlàáfíà", ó fi ewé bò ó, ó rù ú, ó ń rìn bí ẹni tí ẹrù fẹ́ ṣẹ́ lọ́rùn kí àwọn oníbodè má baà fura. Ẹni kejì gba "ìfọwọ́sowọ́pọ̀". Ìyẹn gùn, èèyàn méjì ló bá a gbé e rù. Nígbà tí yóò fi kan Ògúnṣínà, ọ̀rọ̀ gidi ti ń tán nílẹ̀. Kábíyèsí wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Síbẹ̀síbẹ̀." Ògúnṣínà kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí èyí tó kù. Wọ́n ní kó máa lọ.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Kábíyèsí tẹ orí sínú agbọ̀n rẹ̀ tó tóbi, ó ní, "Sùúrù." Àwẹ̀ró ní kí Kábíyèsí pẹ́. Kí ni ìbá sọ?

Lẹ́yìn odi ààfin ni ìjà ti bẹ́. Ẹni tó gba "àlàáfíà" ló kọ́kọ́ la agbọ̀n mọ́ ẹlòmíràn lórí, ẹni tó sì là á mọ́ náà ni ẹni tó gba "ìfọwọ́sowọ́pọ̀", nítorí pé ẹ̀yìn Tèrèwú ni ìyẹn wà. Ògúnṣínà sáré gbèjà Sàmúnkà, wọ́n fọ́ ọ ní iwájú orí. Àwẹ̀ró gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, ó di agbọ̀n rẹ̀ mú.

Ọdẹ́jìnmí wà ní oko, ó jókòó láàárín ihò tó ti gbẹ́, ó gbẹ́ ẹ débi igbó. Àwọn ọmọ dúró tì í, Àyọ̀ká ti da aṣọ kan bo orí nítorí òjò tó fẹ́ rọ̀. Ọkọ na ọwọ́ gba agbọ̀n lórí ìyàwó, ó sì mọ̀ bó ṣe fúyẹ́. Ó ṣí ewé kúrò. Ó wò ó pẹ́.

"Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Baba Àyọ̀ká, sùúrù ni wọ́n fún mi."

Ọdẹ́jìnmí kò bínú. Ó wo inú agbọ̀n, ó wo ihò. "Ṣé èyí tó ṣeé gbìn ni?" ló bi í. Kí Àwẹ̀ró tó lè dáhùn, òjò kejì rọ̀. Òjò tó dára ni o, òjò tó rọra ń wọlẹ̀. Ó kún inú ihò wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró, wọ́n ń wò ó.

Igbó ló hù lóko wọn lọ́dún náà. Èsúrú inú igbó ni wọ́n ń wà jẹ títí ó fi tán, wọ́n wá kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró ní ìlú mìíràn tí oúnjẹ wà. Àyọ̀ká kò sunkún nígbà tí wọ́n ń lọ. Ìyẹn ló dun ìyá rẹ̀ jù.

Ìgbà ìkórè dé, ààfin sì ránṣẹ́ sí ìlú gẹ́gẹ́ bí àṣà pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé agbọ̀n rẹ̀ wá. Wọn kò lè ṣàì lọ. Kábíyèsí jókòó sẹ́nu àká, ó ti rù, agbádá kàn ń gbé e kiri ni. Ẹni "àlàáfíà" ló ṣáájú. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àká, ó ní, "Àlàáfíà." Kábíyèsí bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ohun tí Kábíyèsí fún àwọn náà ni àwọn mú padà wá, kò ní èlé, ẹ má bínú. Ògúnṣínà dé pẹ̀lú àpá níwájú orí, ó fi gbogbo ẹ̀mí kígbe sínú àká pé, "Síbẹ̀síbẹ̀," àká sì dá a lóhùn.

Àwẹ̀ró ti ro ohun púpọ̀ lọ́nà tó fẹ́ sọ. Nígbà tó débẹ̀, gbogbo rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó yí ẹnu agbọ̀n sí Kábíyèsí.

"Sùúrù yín nìyí, Kábíyèsí. Mo gbé e dé oko. Kò hù."

Ọba wo agbọ̀n náà. Ikùn ọba kùn nítorí ebi, gbogbo ààfin sì gbọ́ ọ. Òjówùsì fẹ́ dìde, ọba fi ọwọ́ dá a jókòó. Ohùn kékeré ló fi sọ̀rọ̀, kò wúkọ́ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n."

Àwẹ̀ró wí lọ́kàn pé ó ti yé ọba wàyí, ó ti yé àwọn náà, bóyá ọdún tó ń bọ̀ á sàn, bóyá òun á lọ kó àwọn ọmọ òun wá. Ó bojú wẹ̀yìn láti wo àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹnì kan mi orí tìyanu-tìyanu lẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá." Ògúnṣínà ní kò fara sin, Tèrèwú ni Kábíyèsí ń bá wí. Àwọn kan ní kí ló dé tó ń parọ́ mọ́ ọba, Sàmúnkà kọ́ ló ni agbọ̀n? Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó jáde, ariwo wọn sì ń tẹ̀lé e títí ó fi wọ ilé tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀.

Bó ṣe dòwe nìyẹn. Wọ́n ní Ògúnṣínà ṣì ń retí èyí tó kù lẹ́yìn "síbẹ̀síbẹ̀". Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ fọ abọ́: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.