Òfin Ìkòkò Ẹ̀wà tí A Fi Aṣọ Dì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrókò, ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ná, kó jẹ́ kó máa rú èéfín ná. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ lọ, kó má ṣáà fi ariwo eegun bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Èmi Òjéwùmí alágogo ni. Kábíyèsí ló rán mi. Àwọn abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló sì rán Kábíyèsí. Wọ́n wọ ààfin lọ́jọ́ Àìkú: nọ́ọ̀sì, tíṣà, aránṣọ, akọ̀wé káńsù. Wọn ò sunkún, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó, oorun sì gbé gbogbo wọn lọ. Kábíyèsí wò wọ́n títí, Kábíyèsí ní, "Ẹ má jí wọn. Mo ti gbọ́ ẹjọ́."

Nítorí náà, òfin dé lórí oúnjẹ alẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Òfin kìíní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi abiyamọ pé, "Kí la fẹ́ jẹ?" nígbà tí báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká. Mo tún un sọ: nígbà tí báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká. Òfin yìí mú ọkọ. Ó mú ọmọ. Ó mú ìyá ọkọ tó ní òun wá kí wọn fún ọjọ́ méjì, tó ti lo oṣù mẹ́ta. Ìjìyà: ẹni tó béèrè ni yóò dáhùn, inú ilé ìdáná ni yóò sì ti dáhùn.

Òfin kejì. Iyán kò gbọdọ̀ wáyé lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, àfi bí ẹni tí iyán ń wù bá gbé ọmọ odó fúnra rẹ̀. Kábíyèsí ń wo ilẹ̀ ṣáá nígbà tí wọ́n ń ka èyí sí mi létí. Ìjìyà: arúfin yóò máa gúnyán fún gbogbo àdúgbò rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.

Òfin kẹta. Ọjọ́ Sátidé ni kí a dín ata gbogbo ọ̀sẹ̀. Kó gbẹ dáadáa, títí òróró yóò fi léfòó, torí omi inú ata ló ń jẹ́ kó kan, kì í ṣe àjẹ́. Kí a bù ú sínú ike kéékèèké, ike kan fún ọbẹ̀ kan. Bí abiyamọ bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó ju ẹja tàbí ẹyin sí i. Kí ìrẹsì tó jinná, ọbẹ̀ ti dé. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì nu ike ata Ọjọ́bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti pa Ọjọ́bọ̀. Ìjìyà: ìrẹsì funfun ni yóò jẹ ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilé yóò sì máa wò ó.

Òfin kẹrin. Òun ló gbé mi jáde.

Ẹ wò ó, ẹ̀wà kò fẹ́ iná, ooru ló fẹ́. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. A ó rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú. Láàárọ̀, a ó gbé e ka iná, kó hó fún ìwọ̀n àkókò tí èèyàn fi ń wẹ ọmọ méjì, tó sì fi ń wọṣọ fún wọn. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tòun ti ọmọrí. A ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í, a ó gbé e sínú páálí, a ó fi àkísà há gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ooru náà kò ní ríbi lọ. Yóò jókòó ti ẹ̀wà, yóò máa sè é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, láìsí gáàsì, láìsí ẹnì kan nílé. Bí abiyamọ bá dé, kó gbé e padà síná kó tún hó, kó da epo àti ata sí i. Gàrí dé, oúnjẹ dé.

Òfin náà rèé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ìkòkò tí a dì wò. Kò gbọdọ̀ ṣí i díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí i kíá. Kò gbọdọ̀ ṣí i kó ní ìwádìí lòun ń ṣe. Ìjìyà: yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ yí ìlú ká, láìgba nǹkan kan.

Lọ́jọ́ mìíràn, ààfin a máa fi iṣu dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lónìí, mo ń ké lásán. Ẹ ti mọ arúfin nìyẹn.

Mosúnmọ́lá ìyàwó mi, agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, ló gbà kí n dán ẹ̀wà yìí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dì í láàárọ̀. Kò pẹ́, mo tú u kí n wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ooru gbá mi lójú, inú mi dùn, mo dì í padà. Mo tún tú u, kí n wo bí ẹ̀wà ṣe ń wú. Mo pe Alàgbà Ṣówándé tó múlé tì wá kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Òjéwùmí, o ò ṣe jẹ́ kí n pe ìyàwó mi náà?" A pè é. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ bí ẹ̀wà ṣe ń jinná, àfi ẹ̀wà fúnra rẹ̀.

Fọlákẹ́ ọmọ mi fi ṣíbí kàn án, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ọmọ ayò lẹ sè ni?" Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń gbẹ̀bí láti àárọ̀. Ó da omi sí gàrí, ó mu ún, ó sùn sórí àga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Òun náà wà lára àwọn tó sùn láàfin lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀ṣẹ̀ mi ló sì bí òfin kẹrin.

Láàárọ̀ yìí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìkòkò mìíràn. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, bí mo bá dé lálẹ́ yìí tí ẹ̀wà yìí le, ẹ ò ní fọwọ́ kan ìkòkò kankan nílé yìí mọ́. Ẹ máa bá agogo yín ṣeré." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, Kábíyèsí fọwọ́ sí i.

Ìkòkò náà wà nílé báyìí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Mosúnmọ́lá kò tíì dé. Ọwọ́ ń yún mi. Mo ti ké dé òpin Ìsàlẹ̀-Odò, mo sì ń padà sókè láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sọ pé ẹ ti gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́.

Kábíyèsí ló wí, agogo ló gbé e, èmi ló ṣẹ̀. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tó bá rí mi tí mo kọjú sọ́nà ilé, kó dá mi padà.