Bàtà Olóògbé Há Mi Lẹ́sẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé láéláé. Títí dòní, bí mo bá rí bàtà dúdú tó ń dán, àyà mi á já.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Mo ń ránṣọ ní Kétu, mo sì ń fẹ́ Ṣadé, ọmọ Ìkòsí. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú ilé olóṣèlú àgbà kan tó ti kú, tí ẹbí rẹ̀ sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bàbá ní kí n wá kí òun níbẹ̀, kí òun lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo gbé agbádá wọ̀, èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀.

Bàbá mú mi yí ilé ká: àga, fìlà, awò ojú, àti bàtà aláwọ dúdú kan tó ń dán lórí tábìlì.

"Ojú ni kí o fi wò ó o. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn, Bàbá lọ dá a lóhùn. Ó ku èmi àti bàtà. Ọwọ́ kọ́ ni mo fi kàn án, ẹsẹ̀ ni! Mo bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò jáde mọ́. Mo fà á títí, òógùn bò mí, kò gbọ́. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá, mo sáré dìde, mo fi agbádá bò ó. Bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ òsì: kò, pẹ́ẹ́, kò, pẹ́ẹ́.

Bàbá dúró. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Bí mo ṣe máa ń rìn nìyẹn, sà."

"Ṣadé ò sọ fún mi pé o ń tiro."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ìyàwó olóògbé náà wọlé. Ó di dandan kí n dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe nà gbọọrọ, agbádá sún sókè, bàtà yọ síta gbangba.

Mo ní mo ti pàdánù Ṣadé nìyẹn, bóyá iṣẹ́ Bàbá náà sì ti lọ.

Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Bàtà burúkú yìí! Ó há ọkọ mi náà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kò tún wọ̀ ọ́ mọ́, òun ló ṣe ń dán. Ẹ bu omi ọṣẹ wá!"

Omi ọṣẹ ló gbà mí. Láti ìgbà náà, tí mo bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo ara ni mo máa ń kó jọ, àtọwọ́ àtẹsẹ̀. Mo fẹ́ Ṣadé ṣá o. Ṣùgbọ́n títí Bàbá fi dágbére fáyé, tí mo bá lọ kí wọn, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.