Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí mi ò ní gbàgbé láyé. Ká tiẹ̀ ní mo fẹ́ gbàgbé ẹ̀, àwọn ará ilé wa ní Amukoko ò ní gbà fún mi. Bí omi ò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, bí iná bá lọ, kódà bí ọbẹ̀ ẹnìkan bá jóná, ẹnìkan á ṣáà rí i pé òun dárúkọ mi sí i. Ẹjọ́ wọn kọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi.

Ilé ojúkojú ni ilé wa, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í fẹ́ẹ́ dé inú ẹ̀. Kó o tó rí i, wàá lọ dúró lẹ́bàá gọ́tà níta, níbi tí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ti ń fọn fèrè sí ẹ létí. Ìdí nìyẹn tí Bàbá onílé fi ní ká pawọ́ pọ̀, ká fa íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wọlé, ká jọ máa lò ó. Èmi ni mo fa wáyà. Èmi ni mo gbé àpótí tó ń pín wáìfáì kọ́ sókè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ẹnjiníà, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi débi pé tí wọ́n bá pe èyí tí bàbá mi sọ mí, mi kì í tètè dáhùn.

Ràshídátù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ ẹrù inú ọkọ̀ òkun ló kọ́ ní pólì, ọdún kẹta sì nìyẹn tó ti ń wá iṣẹ́ kiri tí kò rí. Iléeṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn gbẹ́rù kúrò ní Tin Can wá pè é fún intafíù, aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa rí i, torí Abuja làwọn ọ̀gá náà wà. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà gbangba pé ẹni tó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kó má wulẹ̀ yọjú mọ́.

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ nínú ilé. Ìyá Bíọ́dún tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ gbààwẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, Mùsùlùmí sì ni Ràshídátù. Bàbá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá. Èmi náà fọwọ́ lu àyà, mo ní, “Ràshídátù, ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì, fọkàn balẹ̀. Èmi wà ńlé.”

Mò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò kan lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Mo ti ṣe kọ̀ǹpútà kan sínú kọ̀ǹpútà mi. Kò ṣeé fọwọ́ kàn o, inú ojú fèrèsé kan ló wà lórí sikíríìnì, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà gidi. Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ: kó máa pín nọ́ńbà. Gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní láti kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nílé wa, àpótí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń pín in. Tèmi yìí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí mo ṣe sínú kọ̀ǹpútà mi nìkan ló ń pín in fún. Kò mọ ìta rárá.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà, ó wù mí kí òun náà máa rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Mo lè fi í pamọ́ sẹ́yìn tèmi, kó máa gba abẹ́ mi jáde jẹ́jẹ́. Rárá o! Ẹnjiníà ńlá! Mo ní kó dá dúró láyè ara ẹ̀ bí ọmọ ilé gidi. Bíríìjì làwa oníṣẹ́ ń pè é, afárá tó máa mú un kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín gbogbo wa. Mo tẹ ẹ́, ó jẹ́, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ohun tí mo gbàgbé ni pé mi ò tíì sọ fún un pé kó ṣíwọ́ nọ́ńbà pípín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ẹ kú ojú. Èmi ò rí i.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí Ìyá Bíọ́dún fi ti ọjà dé, ni wọ́n bá figbe ta. “Ẹnjiníà! Wáìfáì wà, kò sì sí!”

Mo gba fóònù wọn. Lóòótọ́, àmì wáìfáì wà lórí ẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ṣí. Mo wo tèmi, tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní, “Màmá, fóònù yín ló fẹ́ sinmi. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn.” Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, ibi tó wà náà ló wà. Kí n tó padà jókòó, yàrá kẹfà ti pariwo, yàrá kẹjọ gbà á lẹ́nu wọn. Inú bí mi. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ bíi tíṣà: “Gbogbo ilé, ẹ pa tiyín, kẹ́ ẹ tún un tàn!”

Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí tí mo bá rántí ẹ̀. Àwọn tí tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà àárọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àpótí ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n tún un tàn, wọ́n á tún lọ béèrè nọ́ńbà tuntun, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà mi tí ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti àpótí lọ á sì sáré fún wọn ní tiẹ̀, nọ́ńbà tí kò jásí ibì kankan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ló pàdánù tiẹ̀. Àwọn olóríkunkun nìkan ló ṣì ń rí nǹkan wò.

Mo pe iléeṣẹ́ tó ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, mo bú wọn. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Mo ní irọ́ ni. Ni mo bá rántí pé Ẹ́bì, ará yàrá kẹsàn-án tó máa ń tún fíríìjì ṣe, ra tẹlifíṣàn ńlá kan wọlé lánàá, irú èyí tó ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Tẹlifíṣàn Ẹ́bì ló ń fa gbogbo ẹ̀ mu!” Bí mo ṣe kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn, a lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Ẹ́bì ṣílẹ̀kùn, ó wò wá tìyanu-tìyanu. “Engineer, na my TV dey worry una? See am, e never even comot for carton.”

Lóòótọ́ ni. Tẹlifíṣàn náà ṣì wà nínú páálí, wọn ò tíì já okùn ẹ̀. Àwọn tí mo kó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo lọ́gbọ́n ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti padà lọ wo tilé mi.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùndínlógún ni mo yọjú sí Ràshídátù. Ó ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó so ìborí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, lápá ìsàlẹ̀ tí kámẹ́rà ò lè rí, ìró ilé ló ró. Tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá yẹn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó dúró dè wọ́n.

Mo ní, “Jẹ́ kí n bá ẹ fún un lókun díẹ̀.”

Ó di kọ̀ǹpútà ẹ̀ mú. “Bọ̀dá Ẹnjiníà, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

“Àbí o ò gbọ́ pé ti gbogbo ilé ti lọ? Tó bá lọ láàárín ọ̀rọ̀ ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.” Mo nawọ́ sí i, mo pa wáìfáì ẹ̀, mo tún un tàn.

Ojú ìwé náà funfun. Mo tún un ṣe. Funfun náà ni. Mo pa kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, mo tún un tàn, ó sì gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí. Funfun báláú. Mi ò lè wo ojú Ràshídátù. Kò pariwo, kò bú mi. Omi kàn ń dà lójú ẹ̀ sórí kóòtù tí wọ́n yá a. Ó gbé fóònù, ó sáré jáde lọ pe iléeṣẹ́ náà lẹ́bàá gọ́tà, ṣùgbọ́n tírélà kan gùn lé fèrè, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nẹ́tíwọ̀kì náà sì já. Ó sáré padà. Ká tiẹ̀ ní a gbé e lọ sí Olodi-Apapa níbi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà, aago mọ́kànlá á ti lù kọjá.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. “Kí ló dé tọ́mọ yìí ń sunkún nílé mi?”

Àwọn ará ilé rò ó fún wọn. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ẹ pa gbogbo yàrá.”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dún tó ṣáájú, iná ilé wa ṣáà ń já lálaalẹ́, ẹnìkan ń fi sitóòfù oníná dáná ní kọ̀rọ̀. Bàbá ní kí gbogbo wa pa tiwa, wọ́n wá ń tan yàrá kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn. Wọ́n gba sitóòfù náà lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo ilé. Òfin Bàbá nìyẹn, kì í mọ ojú.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iná.”

“Ṣebí ojú kan náà ló gbà wọlé mi?”

“Ojú kan ni, sà.”

“Yàrá mẹ́wàá ló ń jẹ ẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹ pa gbogbo yàrá.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń fọ̀pá kan ilẹ̀kùn, fóònù ń kú, tẹlifíṣàn ń kú. Yàrá àkọ́kọ́, yàrá kejì. Aago mọ́kànlá lù. Ní yàrá kẹsàn-án, Ẹ́bì na fóònù ẹ̀ tó ti kú sókè kí gbogbo ayé rí i, ojú mi ló sì ń wò. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ràshídátù tún tiẹ̀ tàn. Funfun ni.

Bàbá ní, “Ó ku yàrá kan.”

Gbogbo ojú yíjú sí mi. Mo ní, “Bàbá, tèmi kọ́ o. Tèmi ni mo fi ń yẹ tiyín wò. Tèmi ń ṣiṣẹ́.”

“Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ní kó o pa á.”

Mo wọlé. Mo fẹ́ dé kọ̀ǹpútà náà pa ni ojú mi bọ́ sórí fèrèsé kékeré yẹn. Mo rí i tó to orúkọ fóònù gbogbo ilé sílẹ̀ gbọọrọ, Ìyá Bíọ́dún, yàrá kẹfà, yàrá kẹjọ, títí dórí Ràshídátù, gbogbo wọn ló ti wá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Yéè! Èmi ni! Mo dé e pa gbì.

“Ó yá, ọmọ mi,” Bàbá wí fún Ràshídátù, “tún tiẹ̀ tàn.”

Ó tàn án. Ojú ìwé náà yí, ó yí, ó tún yí, ni ọkùnrin onítáì kan bá yọ lójú sikíríìnì. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìyá Bíọ́dún fọwọ́ bo ẹnu ara wọn kí “Halelúyà” má baà jáde.

Gbogbo wa dúró sọ́dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìsìnkú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ yékéyéké. Ọ̀gá náà bi í pé kí ló dé tó pẹ́. Ràshídátù nu ojú ẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹnìkan ló dí ọ̀nà nílé wa. A ti rí i.”

Èmi ni ẹnìkan náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì tún bẹ Ẹ́bì níṣojú àwọn mẹ́rin tí mo kó lọ bá a. Ẹ́bì ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n èmi ni màá bá òun gbé tẹlifíṣàn náà kọ́. Bàbá ò sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹni tó ń wá olè kì í yọ ilé ara ẹ̀ sílẹ̀.” Ìyẹn ò dùn mí tó ti Ràshídátù. Nígbà tó parí, tó jáde, tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi dá mi lóhùn. “Bọ̀dá Ẹnjiníà, mo fọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ràn mí lọ́wọ́ mọ́.” Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó dúró ṣinṣin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká kíra wa, ó tán. Èmi náà ti gba ẹ̀kọ́ mi: ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tí mò ń pa làpálàpá. Láti ìgbà náà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti pè mí síṣẹ́, ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe gbẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo gbọ́ kókókó lẹ́nu ọ̀nà. Ràshídátù ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà tuntun kan dání tí orúkọ iléeṣẹ́ Tin Can wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ti gbà á! Inú mi dùn, mo fò sókè, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní wọ́n fẹ́ kí òun so ó mọ́ wáìfáì ilé, pé kí n bá òun wò ó.

Ṣùgbọ́n kò gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó yọjú gba èjìká mi wo inú yàrá mi, níbi tí kọ̀ǹpútà mi ti ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lórí tábìlì.

“Bọ̀dá Ẹnjiníà,” ó ní, “ẹ kọ́kọ́ pa tiyín ná.”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ, yàrá mẹ́wàá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì wọlé lọ pa á.