Idì Lórí Àtàǹpàkò Ọ̀gá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ràn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn àkọ́bí, ẹ wá sí yàrá tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣèpàdé, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta awò ojú. Ẹ ó bá Ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ṣùgbọ́n orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n. Ó ní kí èmi akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́, torí pé bí n kò bá kọ ọ́, a ò ní lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ kéékèèké là ń tò: bọ́ọ̀sì tí kò gùn ju ìka lọ, ọkọ̀ òfurufú tó lè bà sí àtẹ́lẹwọ́. Ibi tí ìjà wa wà ni nọ́ńbà àti àmì tó máa ń wà lára wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lo àlẹ̀mọ́. Wọ́n ti tẹ àmì náà sórí bébà fún wa. A ó rì í sínú omi, á tú kúrò lára bébà, a ó wá rọra sún un sára ọkọ̀. Bó bá gbẹ tán, a ó fi fáníìṣì bò ó kó má baà ṣí. Àwọn díẹ̀ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ tiwọn. Ọ̀gá ní òun ni olórí àwọn díẹ̀ náà.

"Àlẹ̀mọ́!" Imú ló máa ń fi pe ọ̀rọ̀ yẹn. "Iṣẹ́ ọ̀lẹ! Ta ni ò lè lẹ nǹkan mọ́ nǹkan? Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa. Irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló fi ń kọ nọ́ńbà."

A ó wo ọwọ́. Lóòótọ́, kì í gbọ̀n. Kí ni ì bá mú un gbọ̀n, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ rí? Bí a bá ní kó kọ nǹkan kan lójú wa, á ní èémí wa ń da afẹ́fẹ́ yàrá rú. Ilé ló ti ń kùn ún, á sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ yọjú. A kúkú ń kí i: Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n, ọkọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀tá bébà, a-kọ-nọ́ńbà-bí-ẹni-fẹ̀rọ-tẹ̀-ẹ́! Á mirí, á ní ká tún un kí.

Fáàrí lásán kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì ló dùn mí. Ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Oṣù mẹ́jọ ló fi to bọ́ọ̀sì pupa kan, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ wà fún ọdún méjìlélógún kó tó kú. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà, mẹ́rìnlá, wà níwájú rẹ̀, àlẹ̀mọ́ ni. Ó fẹ́ gbé e sórí tábìlì àfihàn wa ní gbọ̀ngàn ilé-ìkàwé, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò bá bàbá àgbà láyé, lè rí ọkọ̀ bàbá.

Ní ìpàdé tó ṣáájú àfihàn, Ọ̀gá dìde.

"Ọkọ̀ tí wọ́n bá lẹ nǹkan mọ́ kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì. Gbogbo ọkọ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Ọwọ́ mi ò lè kọ nọ́ńbà mọ́. Ẹ jẹ́ kí tèmi wà ní kọ̀rọ̀ kan."

"Màmá, bọ́wọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ fi lérán, kẹ́ ẹ jókòó sílé."

Inú bí mi. Mo ní, "Báwo la ṣe máa mọ èyí tí wọ́n lẹ̀?"

"Aṣọ tútù la máa fi nù ún. Ọ̀dà ò ní kúrò, àlẹ̀mọ́ á kúrò. Èmi gan-an ni màá nù ún lójú àlejò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé! Ẹ tún kọ ọ́ pé mi ò kun fáníìṣì sára iṣẹ́ mi rí. Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń bò ló ń kun fáníìṣì."

Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ àfihàn pé, gbọ̀ngàn kún. Ọkọ̀ òfurufú Ọ̀gá wà láàárín tábìlì, ó ń dán, idì ńlá kan na ìyẹ́ sí apá rẹ̀. Káàdì wà níwájú rẹ̀: "Ọwọ́ la fi kọ ọ́." Ọ̀gá rẹ aṣọ sínú omi, ó kọjá lọ sídìí bọ́ọ̀sì pupa tààrà. Ìyá Nọ́ọ̀sì di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú léjìká.

Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ò mì. Ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi ha á. Mẹ́rìnlá ṣì jókòó síbẹ̀. Ìyá ti kun fáníìṣì lé e lẹ́ẹ̀mẹta.

"Aṣọ yìí ò tutù tó ni," ni Ọ̀gá wí, ó ń làágùn.

"Bàbá," ọmọbìnrin náà ní, "ẹ nu tiyín náà ká wò ó."

"Tèmi? Tèmi ò nílò àyẹ̀wò."

Mo ṣí ìwé ẹgbẹ́. Mo kà á sókè: "Gbogbo ọkọ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo jí owó lápò rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí aṣọ náà sí etí tó gbẹ, ó fi gbá apá ọkọ̀ fẹ́ẹ́. Ó gbàgbé pé àtàǹpàkò tó fi tẹ apá náà mú ṣì ń kán omi. Ó gbé àtàǹpàkò náà sókè kí gbogbo ilé lè rí i.

"Ẹ rí i? Kò kúrò!"

Idì wà lórí àtàǹpàkò. Ìyẹ́ kan ò yẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá, ṣé ẹyẹ tẹ́ ẹ wẹ̀ nínú abọ́ ọbẹ̀ mi láàárọ̀ yìí nìyẹn?"

Ẹ̀rín bú. Ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé, tó ti ń pàrọwà pé ká má pariwo látàárọ̀, ló rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gá na ọwọ́ láti gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí òfin tó ṣe. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n rìrì, kò lè mú un.

Ìyá Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ na àtàǹpàkò yín wá." Ohùn tó fi ń bá ẹni tó fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ ló lò. Ó rọ omi díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tó ń gbọ̀n sún idì padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bà síbi tó yẹ. Mo yọ káàdì náà, mo sì fà á ya. Ìyá wá mú ìgò fáníìṣì kékeré láti inú báàgì rẹ̀, ó fi lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà lè gbọ́:

"Ẹ bò ó lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀gá. Tó bá gbẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."