Ẹjọ́ Télọ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Àwòrán

Lánàá, ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀, irú èyí tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun wà láàyè. A ò tíì jókòó tán tí ìyàwó télọ̀ ti já ọkọ rẹ̀ ní èékánná lápá. Ọkọ ké. Ìyàwó kọjú sí ìgbìmọ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Àwòrán kì í ké."

Ẹ̀yin náà mọ àárín ìlú wa. Ó pẹ́ tó ti kú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ló ti di títì, àfi ti télọ̀, tó jogún tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìjọba wá fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ jí. Owó dé, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe ló gbé wa dé ààfin.

Baálẹ̀ ní, "Télọ̀, ta ló ṣe ọ́?"

"Ẹ ó pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Akunlé yìí ni. Ó fẹ́ pa mí."

"Ọ̀bẹ ló yọ sí ọ?"

"Búrọ́ọ̀ṣì ni, sà. Ó kun iwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ya ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ sára èyí tó ti di títì. Ó ya ọjà sí i, ó ya ọlọ́jà tì í. Ó ya aláago tó tẹjú mọ́ aago, ó ya oníbúrẹ́dì tó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Àmọ́ nínú gbogbo òpópónà yẹn, èmi nìkan ni n kì í ṣe ọ̀dà. Báwo ni aráyé ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ṣé wọn ò rí ọ ni?"

"Wọ́n rí mi! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Wọ́n á dúró lójú fèrèsé mi, wọ́n á ní, 'Ẹ wo ti télọ̀ yìí, àfi bíi pé ó ń mí!' Wọ́n á fi ìka kan ìkọ́ ilẹ̀kùn mi, wọ́n á ní, 'Ó kù díẹ̀ kó jọ irin gidi.' Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kan mo sín. Obìnrin kan dákú."

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó télọ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rín in. Bí oṣù yìí bá parí tí ẹnikẹ́ni ò gbé aṣọ wá, a ó ti ṣọ́ọ̀bù ìyá ọkọ mi pa. Ẹnì kan tiẹ̀ ti wá wọn ilẹ̀kùn wa, kó lè ya télọ̀ mìíràn sí i."

"Ta nìyẹn?"

Akunlé fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè. "Èmi ni, sà. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

Ojú rẹ̀ mọ́, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohun tó burú. Baálẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ìjọba ni, sà. Ẹ lọ wo pátákó tó wà ní ojú òpópónà: KI ENIYAN KUN GBOGBO SOOBU AARIN ILU. Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni? Mo bá kùn wọ́n."

Olóyè Ọ̀tún, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ti ń tòògbé tẹ́lẹ̀. Ó ta jí. "Kún ni wọ́n kọ, òmùgọ̀! Kí èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Ta ló ní kí o kun nǹkan kan?"

"Bàbá, ẹ lè búra pé ẹ rí àmì lórí rẹ̀?"

Kò sí àmì kankan lórí pátákó náà. Ìjọba wa a máa ṣòfò ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ kì í fi àmì ohùn ṣòfò.

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "O kun ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ní kí o ya èèyàn?"

"Ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò ni, sà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, 'Èèyàn dà?' Mo ní kó padà wá lọ́la. Kó tó dé, mo ti yà wọ́n. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ bọ oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. Ọ̀dà náà ò sì tíì gbẹ."

"Háà."

"Èmi náà lẹ́jọ́ o, Baálẹ̀. Télọ̀ yìí ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àwọn yòókù dúró jẹ́ẹ́, òun nìkan ló ń họra káàkiri. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ń mira jù!"

Ọpẹ́lọpẹ́ pé àga wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Baálẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Onífọ́tò jáde fún akunlé.

"Àárín ìlú ti kún, Baálẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń ya fọ́tò báyìí."

"Ta ni ò ń yà?"

"Àwọn tó wá wo àwòrán."

"Kí ni wọ́n ń rà?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ rà? Àwòrán ṣá ni." Ó fa fọ́tò kan yọ. "Ẹ wo èyí tó dára jù. Ẹ wo bí akunlé ṣe ya ìbínú sójú télọ̀ yìí."

"Èmi nìyẹn!" ni télọ̀ kígbe.

Onífọ́tò wò ó, ó wo fọ́tò, ó tún wò ó. "Ẹ jọra lóòótọ́ o. Àbí ẹ̀yin lẹ jókòó fún un nígbà tó ń yà á?"

Ìyàwó télọ̀ ti ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò. A bá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Afìwéránṣẹ́ ló jáde fún télọ̀, ọkàn wa sì balẹ̀, torí ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

"Ṣé o mọ̀ pé télọ̀ wà láàyè?"

"Mo mọ̀ dáadáa, sà. Mo máa ń kí i, ó sì máa ń dáhùn."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn náà wà láàyè, aláfojúdi ni wọ́n kàn jẹ́. Aláago yẹn, láti ìgbà tó ti dé ni mo ti ń kí i, kò dá mi lóhùn rí. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà."

"Àwòrán ni!" ni gbogbo ààfin pariwo.

"Ẹ má gbè é, Baálẹ̀. Ó gbọ́ mi. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹjú mọ́ aago ni."

Télọ̀ fi ọwọ́ bojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an nígbà yẹn, torí mo ti fi ẹ̀rín pa ara mi tán kí n tó rántí pé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ là ń sọ. Baálẹ̀ yíjú sí akunlé.

"Akunlé, àwọn tí o yà yìí, ojú ta ni o yà fún wọn?"

Akunlé rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín. "Ojú àwọn èèyàn ńlá ìlú ni, sà, láti fi bu ọlá fún wọn. Ọ̀tún ni aláago. Ó tún wá ku…"

"Dákẹ́, mo ti rí ìdájọ́." Baálẹ̀ dìde. "Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá wà lára ṣọ́ọ̀bù kan, kó wọnú ibẹ̀ lọ láàárọ̀ ọ̀la, kó máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yà á mọ́, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi wá gbà á. Wọ́n ti kùn ún, ó kù kó kún. Akunlé, owó tó ṣẹ́ kù, òrùlé àti iná àti omi ni kí o fi ṣe. Lẹ́yìn náà, gun pátákó, kí o fi àmì sí i. Télọ̀, máa mira bó ṣe wù ọ́."

"Èmi Ọ̀tún, kí n máa tún aago ṣe? N kò mọ̀ ọ́n!"

"Ìwọ ṣá lo kọ̀ tí o kò dá afìwéránṣẹ́ lóhùn."

"Mo sọ fún yín!" ni afìwéránṣẹ́ wí.

Akunlé dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó ku oníbúrẹ́dì."

"Ojú ta ni?"

"Ẹ̀rín yẹn, sà… ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń rín in bẹ́ẹ̀."

Inú Ọ̀tún nìkan ló dùn. "A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún un lá, Baálẹ̀," ló wí.

Láàárọ̀ yìí, mo gba àárín ìlú kọjá, n kò ríbi fẹsẹ̀ sí. Gbogbo ìlú ló ti wá wo bí Baálẹ̀ ṣe ń jó búrẹ́dì, wọ́n sì ń rà á, bó tilẹ̀ le bí òkúta. Afìwéránṣẹ́ dúró níwájú aláago, ó ń kí i lákìítúnkí, Ọ̀tún sì ń dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Akunlé wà lókè pátákó, ó ń pariwo bi àwọn tó ń kọjá pé apá ibo ni àmì náà ń dojú kọ.

Aṣọ ti kún tábìlì télọ̀. Òun kọ́ ni mo bá nídìí ẹ̀rọ ṣá, ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyẹ̀fun ti ba agbádá Baálẹ̀ jẹ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí télọ̀ wá rán aṣọ tí òun yóò máa dè síwájú. Mo bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, télọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ, Baálẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún yí sósì nítorí búrẹ́dì tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀," ni télọ̀ wí, "ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ń mira jù."